Ọpẹ́ Tó Ṣáájú Oore

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń dúpẹ́ ohun tí ọwọ́ yín ò tíì tẹ̀, ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Èmi ò ní kí èèyàn má nígbàgbọ́ o. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ ọ̀tọ̀, irọ́ ọ̀tọ̀, bí àwọn méjèèjì tiẹ̀ jọ ń wọ aṣọ Sọ́ńdè.

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, Ó-ti-dé ni gbogbo èèyàn ń pè é. Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó síwájú mi tó rò ó látòkèdélẹ̀, tó ní kí n gbé e jáde kí ẹlòmíì lè fi kọ́gbọ́n. Mo bi í pé ṣé ojú ò ní tì í. Ó ní èyí tó yẹ kó ti òun ti ti òun tán.

Iṣẹ́ omi ló kọ́. Ó fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ nílé, obìnrin jẹ́jẹ́ tó ń ṣe tíṣà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àti ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo. Ó wọ bàálù, ó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fa omi mímu wọ ìlú ńlá. Ó kà á, ó yege. Nígbà tó parí, omi náà ló bá ṣiṣẹ́ lóòótọ́, torí pé ilé ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì kan ló gbà á. Aṣọ ibùsùn, àpò ìrọ̀rí àti táwẹ́ẹ̀lì ló ń fọ̀. Tí wọ́n bá bi í nílé pé irú iṣẹ́ wo ló ń ṣe, á ní, "Iṣẹ́ tó jẹ mọ́ omi ni."

Kí àkókò ìwé ìgbélùú tó fi ń kàwé tó parí, ó ti kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìwé ìgbélùú pé kí wọ́n jẹ́ kóun dúró, kóun máa ṣiṣẹ́, kóun sì ránṣẹ́ pe ìyàwó àti ọmọ òun. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, kó máa retí èsì. Títí èsì á fi dé, kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ kọjá ìdajì ọ̀sẹ̀. Òfin náà ò lọ́jú pọ̀. Ẹ fi í sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti máa yọ̀.

Ó wá ń retí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dúró de èsì rí, ẹ mọ bó ṣe ń rí. Òjò rọ̀, ó dá. Ìyàwó rẹ̀ á pè láti ilé, á ní, "Ó ti dé?" Òun náà á ní, "Ó máa dé." Ìyá ìyàwó rẹ̀ á gba fóònù, á ní, "Ọkọ mi, ó ti dé?" "Ó máa dé, mà." Nígbà tó yá, ọmọ rẹ̀ tí kò mọ ohun tí wọ́n ń retí náà bẹ̀rẹ̀ sí í bi í. Ó ní ohun tó ń dun òun jù ni pé òun ti di ẹni tí ìdáhùn kan ṣoṣo wà lẹ́nu rẹ̀.

Ọjọ́ Sọ́ńdè ló ń dùn díẹ̀. Pálọ̀ Pásítọ̀ wọn ni àwọn ọmọ ìlú wa tó wà lọ́hùn-ún ti ń pàdé fún ìsìn. Wáyà iná ni Pásítọ̀ ń tún ṣe láàárín ọ̀sẹ̀. Tó bá di Sọ́ńdè, á ti àga mọ́ ògiri, á sì di ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Ẹni tó ń retí èsì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bí ti ẹnì kan bá dé, wọ́n á gbé e sáàárín, wọ́n á jó yí tábìlì ká títí ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ á fi máa fi igi ìgbálẹ̀ gún àjà. Bí wọ́n bá ti ń gbọ́ igi yẹn báyìí, ijó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Ọ̀gbẹ́ni wa ti jó fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ó ti jó títí bàtà rẹ̀ fi là.

Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Oníbúrẹ́dì, torí ilé búrẹ́dì ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ ni. Ó dé sí ìlú náà lẹ́yìn ọ̀gbẹ́ni wa, ọ̀gbẹ́ni wa ló sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé béèrè. Ní Sọ́ńdè kan, Oníbúrẹ́dì dìde, ó ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́. Tèmi dé lọ́jọ́ Tọ́sìdeè." Ó jókòó. Ó tán!

Ẹni tó dé lẹ́yìn! Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́rìí!

Wọ́n gbé e jó. Ọ̀gbẹ́ni wa náà bá wọn jó, ṣùgbọ́n ó ní inú òun ń gbóná bí ẹ̀rọ ìlọṣọ. Bí wọ́n ṣe jókòó, ìyá àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìròyìn yíjú sí i. Ibi iṣẹ́ kan náà ni òun àti ìyá yìí wà, wọ́n sì jọ ń lọ aṣọ ni. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ yẹn ro ó dáadáa.

"Ọmọ mi," ó ní, gbogbo ilé sì gbọ́, "tìrẹ ńkọ́? Àbí wọ́n ti sọ tìrẹ nù ni?"

"Ó máa dé, Mọ̀mí."

"Ó máa dé, ó máa dé! Ṣé ìwọ lò ń sìn ín bọ̀ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wá sọ ọ́ di ìwàásù. Ó ní, "Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ohun tí ń ṣe ọ̀pọ̀ yín nìyẹn. Ẹ ń dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá rí i kẹ́ ẹ tó dúpẹ́. Ìgbàgbọ́ wo nìyẹn? Ẹ dúpẹ́ ṣáájú! Ẹ dúpẹ́ bí ẹni pé ó ti wà lọ́wọ́ yín! Ta ló máa dìde?"

Ọ̀gbẹ́ni wa dìde.

Ó búra fún mi pé ohun tóun fẹ́ sọ ni pé, "Mo wá dúpẹ́ ṣáájú." Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti wà létè òun. Ṣùgbọ́n ó wo Oníbúrẹ́dì tó jókòó jẹ́jẹ́ síbi tí wọ́n gbé e jókòó sí, ó wo Ìyá Ìròyìn tó ti na fóònù síta tó ń ya fídíò. Ọwọ́ òsì rẹ̀ lọ sí etí, ó ń fà á.

"Ẹ bá mi yọ̀!" ó kígbe. "Ó ti dé!"

Háà! Ilé gbiná. Pásítọ̀ fò sókè. Àwọn kan gbé ọ̀gbẹ́ni wa lérí, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gílóòbù. Igi ìgbálẹ̀ ń dún nísàlẹ̀, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Nígbà tí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, Pásítọ̀ gbá a mọ́ra, ó ní, "Ìgbà wo ló dé?"

Ẹ wò ó, àyè ṣì wà. Ó lè sọ pé, "Pásítọ̀, ìgbàgbọ́ ni mo fi sọ ọ́." Wọn ì bá rẹ́rìn-ín, wọn ì bá ṣe àmín, kí oníkálukú máa lọ ilé rẹ̀.

Ó ní, "Àná ni."

Mo dá a dúró níbẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi. Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni, 'ó ti dé' àkọ́kọ́ yẹn, a lè bá ẹ pè é ní ìgbàgbọ́. 'Àná ni' ńkọ́?" Ó wo ilẹ̀. Mo fi í sílẹ̀.

Ọjọ́ náà ni wọ́n sọ ọ́ ní Ó-ti-dé.

Kó tó dé yàrá rẹ̀, fídíò náà ti dé ilé. Ìyá Ìròyìn kì í fi nǹkan falẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ pè é, ojú rẹ̀ hàn lórí fóònù, kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú.

"Ó ti dé, mi ò sì gbọ́ lẹ́nu rẹ?"

"Mo fẹ́ kó yà ẹ́ lẹ́nu ni."

"Ó yà mí lẹ́nu." Ó ń wò ó. "Ṣé òótọ́ ni, Bàbá Ọmọ mi? Ó ti dé lóòótọ́?"

Ọwọ́ òsì tún gbéra. "Òótọ́ ni. Ṣé màá máa purọ́ fún ẹ ni?"

"Ó dáa. A dúpẹ́ nígbà náà."

Ó ní nígbà tí fóònù kú tán, òun fẹ́rẹ̀ẹ́ pè é padà. Ṣùgbọ́n ó bá ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó ní èsì yìí náà ń bọ̀, bí kò dé lónìí, á dé lọ́la. Tó bá dé, irọ́ ti di òótọ́ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó máa béèrè ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ẹ ò rí i pé ó ti rò ó. Ẹni tó bá fẹ́ purọ́ kì í tètè gọ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Ìyá Ìròyìn ti kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ ọ̀gá ilé ìfọṣọ kó tó wọ aṣọ iṣẹ́. Ọ̀gá yìí, obìnrin ìlú ibẹ̀ ni, ó ń sáré rìn, ó ń sáré sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn Ó-ti-dé. Ọkùnrin náà ti bá òrùka àlejò kan nínú àpò ìrọ̀rí rí, ó sì gbé e wá fún un. Láti ọjọ́ náà ni obìnrin náà ti gbà pé ohun tí ọkùnrin yìí bá sọ, bẹ́ẹ̀ ló rí.

"Mo gbọ́ pé ìwé rẹ ti dé," ọ̀gá ní. "Inú mi dùn fún ẹ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tó máa ṣe olórí níbi ìlọṣọ. Ní báyìí tó o ti lè ṣiṣẹ́ gbogbo ọ̀sẹ̀, ìwọ ni mo fún. Tó o bá ráyè, mú ìwé náà wá kí n rí i."

Ìyá Ìròyìn dúró nítòsí, ó di etí aṣọ ibùsùn kan mú, ó ń dúró de Ó-ti-dé kó wá di etí kejì mú. Méjì-méjì ni wọ́n ń ṣe é. Wọ́n á na aṣọ náà láàárín ara wọn, wọ́n á gbọ̀n ọ́n, wọ́n á tì í sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń lọ̀ ọ́. Bí ẹ bá ń lọ aṣọ pẹ̀lú ẹnì kan látàárọ̀, ojú yín ò ní kúrò lójú ara yín.

Bí Ó-ti-dé bá ní rárá, Ìyá Ìròyìn á gbọ́. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, òfin á gbọ́. Òfin jìnnà, Ìyá Ìròyìn ló wà nítòsí.

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá," ó ní. "Màá mú un wá."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ gbogbo ọ̀sẹ̀ nìyẹn. Tí ọ̀gá bá rántí ìwé, á ní òun ti gbàgbé rẹ̀ sílé. Ọ̀gá á ní kò burú. Ẹ ò rí i pé ìwà rere náà léwu! Ká ní olè ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí tẹ́lẹ̀, wọn ì bá ti gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Àwọn tó ń retí èsì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ ọ́ wá. Wọ́n á gbé oúnjẹ dání, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe ṣe tiyín?" Á da ẹ̀yìn kọ́ ògiri, á ní, "Sùúrù ni. Èmi náà dúró. Ẹ má jẹ́ kí ọkàn yín máa sáré." Pásítọ̀ tún wá fi í ṣe olórí àdúrà fún àwọn tó ń retí. Ó ní òun ń gbàdúrà náà tọkàntọkàn. Mo ní, "Mo gbà, kò kúkú sẹ́ni tí àdúrà náà kàn tó ẹ níbẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ó gbádùn ẹ̀. Ó sọ ọ́ fún mi fúnra rẹ̀. Ó ní òun gbàgbé nígbà míì pé kò tíì dé.

Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ rán an létí. Ó pè, ó ní, "Mo ti fiṣẹ́ sílẹ̀."

"Iṣẹ́ wo?"

"Iṣẹ́ wo ni mo tún ní? Iṣẹ́ tíṣà. Ọ̀gá ilé ìwé bi mí pé ṣé ó dá mi lójú. Mo ní ọkọ mi ló sọ ọ́, ọkọ mi kì í sì í purọ́ fún mi. Wọ́n ti ń wá ẹlòmíì sí kíláàsì mi."

Iṣẹ́ yẹn ló ń bọ́ ọmọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń dù ú, ẹni tó bá fi í sílẹ̀ kò ní rí i gbà mọ́. Bí èèyàn bá máa jẹ́wọ́ láyé, ọjọ́ náà ni ọjọ́ rẹ̀. Ó kàn máa sọ pé, "Ìyàwó mi, sáré padà lọ bẹ̀ wọ́n, mo purọ́." Kò gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyàwó rẹ̀ ń dúró. Ó ń wò ó lórí fóònù, kò ṣẹ́jú.

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ o. Ó fa etí, ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. O kú ìmúra."

O kú ìmúra! Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọkùnrin! Nígbà tó sọ̀rọ̀ dé ibẹ̀ yẹn, mo dìde lórí àga, mo lọ mu omi kí n má baà bú u.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Oníbúrẹ́dì wá bá a lẹ́yìn ìsìn. Ó ń rọra sọ̀rọ̀, ó sì ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Kí tèmi tó dé, ọ́fíìsì kọ́kọ́ pe ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, wọ́n bi í bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ sí. Wọ́n ní báwọn ṣe ń ṣe fún gbogbo èèyàn nìyẹn. Ṣé wọ́n pe ọ̀gá yín náà?"

Ọwọ́ òsì Ó-ti-dé lọ sí etí. "Wọ́n pè é," ó ní. "Kí ló dé?"

"Kò sí o. Àwọn ará ibí ń bi mí ni. Mo ní kí n má ṣì wọ́n lọ́nà." Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó lọ. Títí dòní, Ó-ti-dé ò mọ̀ bóyá ó mọ̀ ni tàbí kò mọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ó lọ bá ọ̀gá. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n dá òun padà sí ìdajì ọ̀sẹ̀.

"Ó ti rẹ̀ ẹ́?" ọ̀gá ní. "Wò ó, òtẹ́ẹ̀lì ti kún. Ràn mí lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ yìí nìkan. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá wá ẹlòmíì."

Ó lè sọ ìdí fún un. Kò sọ ọ́. Ó ní òun rò ó pé ọ̀sẹ̀ kan kì í ṣe nǹkan.

Ọ̀sẹ̀ náà ni wọ́n pè.

Òun àti Ìyá Ìròyìn wà nídìí ẹ̀rọ, wọ́n na aṣọ ibùsùn funfun kan láàárín ara wọn. Ọ̀gá wọlé, táwẹ́ẹ̀lì kún apá rẹ̀ kan, fóònù wà lọ́wọ́ kejì. Nítorí ariwo ẹ̀rọ, ó ti ṣí ohùn rẹ̀ síta. Ó ń rẹ́rìn-ín sí Ó-ti-dé, ó ń ṣẹ́jú sí i. Ó fẹ́ kó gbọ́ bí òun ṣe ń yìn ín.

"Òun ni mo ń wò yìí," ó ń sọ fún ẹni tó pè. "Mi ò ní irú rẹ̀ méjì. Òrùka iyebíye ló gbé wá fún mi! Láti ìgbà tí ìwé rẹ̀ ti dé, gbogbo ọ̀sẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́, kò pẹ́ dé rí, kò sì ráhùn."

Ẹni tó pè dá a lóhùn. Ohùn ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni.

"Ìwé wo ló dé, madam?"

"Ìwé ìgbélùú rẹ̀ ńkọ́."

"Madam, àwa la máa fún un níwèé yẹn. A ò tíì fún un. Ohun gbogbo ti pé, ó kù ká gbọ́ lẹ́nu yín. Òní la fẹ́ fọwọ́ sí i." Ó wá bi í pé, "Ẹ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́?"

Ẹ̀rọ ń lọ. Ìyá Ìròyìn jọ̀wọ́ etí aṣọ tó dì mú, aṣọ náà wọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó-ti-dé ṣì di tirẹ̀ mú.

Ọ̀gá ò mọ irọ́ í pa. Ó wo Ó-ti-dé, ó wo fóònù, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, alàgbà. Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ." Ó pa fóònù náà. Ó gbé táwẹ́ẹ̀lì kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé wọ́n á fọ́.

"O sọ fún mi pé ó ti dé."

"Ọ̀gá, ìgbàgbọ́ ni."

"Kí ni ìyẹn?"

Ó gbìyànjú láti ṣàlàyé. Ó ní àwọn máa ń dúpẹ́ ohun tó ń bọ̀ bí ẹni pé ó ti dé, kó lè tètè dé. Ó ní bó ṣe ń jáde lẹ́nu òun lédè ibẹ̀ ló ń dàbí ọ̀rọ̀ wèrè.

"Ta lo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?" ọ̀gá ní.

"Ọlọ́run."

"Ọlọ́run kọ́ ló wà lórí fóònù yẹn." Omi ti lé sójú rẹ̀. "Ká ní o sọ fún mi ni! Ìdajì ọ̀sẹ̀ ni ǹ bá fún ẹ, wọn ì bá fọwọ́ sí i lónìí. O jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi bà ẹ́ jẹ́. Lọ bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ."

Èsì dé lọ́sẹ̀ kan náà. Ó ti dé lóòótọ́ báyìí. Wọ́n ní àwọn kọ̀ ọ́, nítorí pé ó rú òfin iṣẹ́, kó sì máa palẹ̀ mọ́.

Ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu Ìyá Ìròyìn, òun á lọ sọ ọ́ fúnra òun. Ní Sọ́ńdè, ó dìde ní pálọ̀ Pásítọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà níwájú.

"Ẹ̀yin ará, irọ́ ni mo pa. Kò dé lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n sì ti kọ̀ ọ́ báyìí."

Pásítọ̀ ló kọ́kọ́ dìde.

"Rárá o!" ó ní. "Ẹ má gbà á! Ẹ̀mí iyèméjì ló fẹ́ gba ẹ̀rí lẹ́nu arákùnrin wa. Ó ti dé!"

"Àmín!"

"Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, mo ní kò dé. Mo purọ́ ni."

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń bá a jà! Arákùnrin, jẹ́wọ́ rere! Ẹ bá mi sọ ọ́ fún un, ó ti dé!"

"Ó ti dé! Ó ti dé!" Wọ́n ti gbé e lérí. Wọ́n ń jó. Igi ìgbálẹ̀ ti ń dún nísàlẹ̀. Ó ń kígbe lókè orí wọn pé, "Irọ́ ni! Irọ́ ni o!" wọ́n ń ṣe àmín sí i. Ìyá Ìròyìn nìkan ló jókòó, kò ya fídíò. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ìròyìn wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sọ ọ́ fẹ́nì kan.

Ó ku ìyàwó rẹ̀. Ó pè é láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò jẹ́ kó rí ojú òun, ohùn nìkan ni.

"Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún ẹ."

"Sọ ọ́."

"Ìwé yẹn kò dé. Kò dé rí. Mo purọ́ fún ẹ, o fiṣẹ́ sílẹ̀ torí mi. Wọ́n ti ní kí n máa bọ̀ nílé."

"Mo mọ̀."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ìwọ ni. Ọwọ́ rẹ wà létí nínú fídíò yẹn. Láti ìgbà tó o ti ń fẹ́ mi, bó o bá fẹ́ purọ́, etí òsì lo máa ń fà. Ṣé o rò pé mi ò mọ ọkọ mi ni?"

Ó ní ariwo kan ń dún lẹ́yìn ohùn rẹ̀, bí ẹni pé àwọn ọmọdé ń ka ìṣirò lákàtúnkà: eéjì lọ́nà méjì, ẹẹ́rin, eéjì lọ́nà mẹ́ta, ẹẹ́fà.

"Níbo lo wà?" ó bi í.

"Kíláàsì mi."

"Ṣé o ti fiṣẹ́ sílẹ̀?"

"Mi ò fi nǹkan kan sílẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹ̀rù lè bà ẹ́ ni. Mo ní, ó lè máa purọ́ fáyé, bó bá gbọ́ pé mo ti ju oúnjẹ ọmọ rẹ̀ nù, á sọ òótọ́." Àwọn ọmọ ń kà á lọ. "Mo ń wò ẹ́ lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó o sọ ọ́. O ní mo kú ìmúra. Ó dùn mí. Ká ní mo ti fi í sílẹ̀ lóòótọ́ ńkọ́?"

Ìyàwó rẹ̀ ní iṣẹ́ ń dúró de òun, ó pa fóònù.

Ó padà wálé. Ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ga, ó kígbe sínú ilé pé, "Mọ́mì, Dádì ti dé!" Ìyàwó rẹ̀ jáde, ó ń nu ẹfun kíláàsì kúrò lọ́wọ́. Ọkùnrin náà, tó kàwé tó bẹ́ẹ̀, gbé àpò kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ lójú ọmọ.

"Mo dúpẹ́," ó ní. "Mo dúpẹ́ pé o ti dárí jì mí."

Ìyàwó rẹ̀ wò ó nílẹ̀ títí.

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo ti dárí jì ẹ́?" ó ní. "Ṣé o tún ti bẹ̀rẹ̀? Má tíì dúpẹ́. Dìde, wọlé wá jẹun."

Bó ṣe wà títí di ọjọ́ tó wá bá mi nìyẹn. Ó ti rí iṣẹ́ sídìí ẹ̀rọ omi ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n ń jẹun pọ̀, wọ́n ń sùn pọ̀, ìyàwó rẹ̀ ń dá a lóhùn bó bá béèrè nǹkan. Ìdáríjì ló kù, kò béèrè rẹ̀ mọ́, ó ń dúró. Kó tó dìde lọ, mo bi í pé ọ̀rọ̀ ìdáríjì náà ńkọ́, ṣé ó ti dé?

"Kò tíì dé," ó ní.

Mo wo ọwọ́ òsì rẹ̀. Orí orúnkún ló gbé e lé, kò sì gbé e kúrò níbẹ̀.